Oògùn inú báàgì Bùsọ́lá

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Mo rí oògùn nínú báàgì Bùsọ́lá ọmọ mi. Ti ìfètòsọ́mọbíbí ni. Mo dá a mọ̀, èmi náà lò ó rí. Ìyá ọkọ ẹ̀ sì ń retí ọmọ-ọmọ nílé wọn ní Mọ̀lútẹ̀hìn o.

Ó ní dókítà ló fún òun, pé kókó omi kéékèèké wà nílé ẹyin òun, àìsàn tó ń da nǹkan oṣù rú, tó sì ń hu irun lójú obìnrin, oògùn náà á dá nǹkan oṣù òun padà.

"Oògùn tí kì í jẹ́ ká lóyún?"

"Màmá, ṣebí ewúro tẹ́ ẹ fi ń sebẹ̀ náà lẹ fi ń wo inú rírun."

Mi ò gbà á gbọ́.

Àmọ́ nígbà tó tẹrí ba láti fẹ́ iná tá a fi ń yan ẹja, mo rí irùngbọ̀n tó ti fá lágbọ̀n ẹ̀, tó tún ń hù. Oògùn yẹn ò hu irùngbọ̀n fún èmi.

Látìgbà náà, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ irọ́ ló ń pa fún mi.