Ìdí Tí N Kò Fi Ṣe Onídùúró Ìbọn Àlàmú

Abà Ìdí-Àràbà,
lọ́nà Ìrẹsà, Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Kẹjọ, 1957.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ọlọ́runṣògo,

Mo kí ọ o, mo kí Olúyẹ́misí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ ọwọ́ rẹ̀, mo kí iṣẹ́ rélùwéè tí o ń ṣe ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, mo sì kí ọkọ̀ ojú irin náà fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ó ń bọ́ yín. Ẹlẹ́dàá tí ó jí wa lónìí kò ní gbàgbé láti jí wa lọ́la. Àrùn kò ní mọ ojúlé yín, ìròyìn burúkú kò ní ti ọ̀dọ̀ yín wá, kò sì ní ti ọ̀dọ̀ wa lọ bá yín. Àmín. Ara mi le, àfi orúnkún tí ó máa ń sọ fún mi bí òjò bá ń bọ̀, òun náà kì í sì í parọ́.

Má jẹ́ kí ó yà ọ́ lẹ́nu pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Mùílì akọ̀wé ni ó máa ń bá mi kọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wu Mùílì ni ó ń kọ, bí ó bá sì délé á ka gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń lọ sí ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ìjọba dá sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo sì ti mọ gbogbo lẹ́tà àfi àwọn tí wọ́n jọra. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí Mùílì gbọ́.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní inú rẹ kò dùn sí mi rárá. O ní Àlàmú ẹ̀gbọ́n rẹ kọ̀wé sí ọ pé mo dójú ti òun níwájú ìjọba, pé mo jẹ́ kí wọ́n gba ìbọn bàbá yín lọ́wọ́ òun. O bi mí pé irú ìyá wo ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, o tún bi mí pé ta ni mo rò pé Àlàmú fẹ́ yìnbọn fún. Ìbéèrè gidi ni, n óò sì dáhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn bí ọ̀ràn ìbọn ṣe dé abà wa, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín ní Èkó.

O rántí Adéríbigbé, ọdẹ tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá odò, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn ọdẹ ń sìnkú olórí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, gbogbo wọn kó ìbọn wá láti yìn ín fún òkú bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n ki gbogbo ìbọn náà, wọ́n fi wọ́n ti ògiri, wọ́n sì lọ jókòó ti ẹmu. Wọ́n pín ẹran, wọ́n fún Adéríbigbé ní ọrùn, ó ní itan ni ó tọ́ sí òun, wọ́n bá fi í ṣẹ̀sín. Ó dìde, ó lọ sí ibi ògiri, ó mú ìbọn kan ó yìn ín, ó jù ú sílẹ̀, ó mú òmíràn. Bí ó bá jẹ́ ìbọn kan ṣoṣo ni, àwọn ènìyàn ì bá ti sá tán kí ó tó tún un ki, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà wọ́n ti ki wọ́n sílẹ̀ dè é. Ènìyàn mẹ́rin ni ó kú. Sàídù ọkọ Ràmọ́tà wà nínú wọn, Sàídù tí kì í ṣe ọdẹ, tí ó kàn yà láti kí wọn kú ìnáwó. James dírẹ́bà kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ sórí àpò àgbàdo nínú lọ́rì rẹ̀, ó sá eré dé ọsibítù àwọn òyìnbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, dókítà sì gba gbogbo wọn là. Nígbà tí àwọn akódà máa fi rí Adéríbigbé, abẹ́ igi ni ó jókòó sí tó ń sunkún, ó ní òun kò mọ ohun tó ṣe òun. Inú mi bàjẹ́ fún àwọn tó kú, ó sì bàjẹ́ fún òun náà.

Ni ajẹ́lẹ̀ bá wá, ó pe gbogbo wa sí ojúde baálẹ̀. Àwọn ọdẹ ní ìbọn kọ́ ló pànìyàn, inú ló pànìyàn, pé bí wọ́n bá gba ìbọn, ọ̀bọ ni yóò jẹ oko tán. Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú kó gbogbo ìbọn dà sí odò. Ariwo sọ. Ràmọ́tà dìde nínú aṣọ opó rẹ̀, ó ní òun kò mọ òfin o, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ fún òun ohun tí ìbọn tí a ti ki ń ṣe níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ìbọn wá sí ibi òkú mọ́, pé ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa yìn ín fún òkú, lẹ́yìn abà, kí ó tó fẹnu kan ẹmu. Wọ́n ní dírẹ́bà yòówù tí ó bá wà nítòsí gbọdọ̀ gbé ẹni tí ìbọn bà kí ó tó béèrè owó ọkọ̀. Wọ́n tún ní kí gbogbo ìbọn lọ gba láísẹ́ńsì ní Ọ̀yọ́.

Láísẹ́ńsì yìí, ọmọ mi, ó jẹ́ bí owó orí. Wọ́n lu nọ́ńbà mọ́ ìbọn nídìí, ó ń sanwó lọ́dọọdún bí àgbà ọkùnrin, mo wá ń bi ara mi pé kí ló dé tí wọn kò fún un ní àga ní ìpàdé. Ìbọn tí kò bá tíì rí láísẹ́ńsì gbà, inú àpótí irin ńlá kan ni wọ́n ń tì í mọ́, wọ́n á fún ẹni tó ni ín ní ìwé. Nígbà tí mo rí ìwé náà ó yé mi, mo ní báǹkì nìyí. Mo rántí pé o sọ fún mi pé owó rẹ tó wà ní báǹkì ń bímọ, mo bá bi akọ̀wé ìjọba pé tí ọdún bá yí po, ìbọn mélòó ni a óò bá nínú àpótí. Ó ní ẹyọ kan náà ni. Mo ní báǹkì tiwọn kò dára tó ti Èkó.

Ìjọba ní ẹni tó bá fẹ́ gba ìbọn rẹ̀ sílé kí ó mú onídùúró wá tí ó mọ ìwà rẹ̀. Ó jọ pé bàbá kan tí ń san owó orí ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwa rò ó ní abà, a ní ta ni ó mọ ìwà ọmọ ju ìyá tó bí i lọ, ni gbogbo ọdẹ bá mú ìyá wọn, àní àwọn tí orí wọn ti funfun. Wọ́n ní kí a di ìbọn kí ojú rẹ̀ má hàn, àwa ìyá bá fi ọ̀já pọ̀n wọ́n. Bí a ti ń kọjá ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni àwọn obìnrin ń kí wa kú ewu ọmọ, ọ̀kan ní ọmọ tèmi mà ga o. Mo ní bàbá rẹ̀ ló jọ.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, akọ̀wé ń ka ìwé kan sókè fún onídùúró kọ̀ọ̀kan, pé bí ó bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí ọkùnrin yìí máa tọ́jú ìbọn sílé, kí ó wí nísinsìnyí. Irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ìwọ náà sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń dáhùn. Àwọn ìyá yòókù tẹ̀ka, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gba ìbọn. Ó kàn mí. Mo ní mo mọ ìdí kan.

Akọ̀wé ní kí ni ìdí náà. Mo ní ìwé ní kí n wí, mo sì ti wí, kò ní kí n ṣàlàyé. Àlàmú kúnlẹ̀ tì mí, ó ní, Ìyá, kí ni mo ṣe yín? Wọ́n gbé ìbọn náà sínú àpótí. Láti ọjọ́ náà kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Yóò dọ̀bálẹ̀ kí mi láti ẹnu ọ̀nà, yóò yí padà, yóò lọ. Àwọn ọ̀bọ ń jẹ àgbàdo rẹ̀ lójú rẹ̀, ó ń fi òkò lé wọn. Ó ń dùn mí dé egungun, Ọlọ́runṣògo. Àkọ́bí mi ni.

Ó dáa, o bi mí pé ta ni mo rò pé yóò yìnbọn fún. Ìwọ ni.

Nígbà Ọdún Àjíǹde tí ẹ wá, o ní o fẹ́ fi páànù kan ilé bàbá yín, kí Àlàmú kó ẹrù ọdẹ rẹ̀ kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. O sọ fún un lójú ìyàwó rẹ pé láti ìgbà tí bàbá ti kú ni ó ti ń jẹ oko rẹ̀ tí kò rí nǹkan kan fi ṣe. O jáde sí àgbàlá, o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o ń di ẹrù rẹ, o kọ ẹ̀yìn sí ilé. Mo ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Mo rí Àlàmú tí ó jáde lẹ́yìn rẹ pẹ̀lú ìbọn ní èjìká, ojú ìbọn náà sì wà ní ẹ̀yìn rẹ. Ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú ọmọ mi. N kò lè pariwo. Mo rìn wọ àárín yín, mo kọjú sí i, mo ní kí ó wá sọ̀ mí, pé omi wúwo. Kò sí ẹni tí a kọ́ nílé ire tí ẹrù bá wà lórí ìyá rẹ̀ tí yóò ní òun kò sọ̀ ọ́. Ó dúró. Lẹ́yìn náà ó fi ìbọn ti ògiri, ó na ọwọ́, ó sọ̀ mí. Gbogbo ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi dà sí wa lára. Ìwọ kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, o ní kí Olúyẹ́misí ṣe kíá, pé lọ́rì James ń lọ.

Àlàmú kì í ṣe ènìyàn burúkú. Adéríbigbé náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n n kò lè máa ru omi kọjá láàárín yín ní gbogbo ọjọ́ ayé mi.

Nítorí náà fi owó ránṣẹ́, kì í ṣe fún mi. Àlàmú ni kí o fi ránṣẹ́ sí, kí ó fi ra tàkúté onírin àti wáyà tí yóò fi yí oko ká, kí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ni ó ti wá. Má fi ìwé owó pósọ́fíìsì rán an bíi ti ìjọ́sí, mo gbé ìyẹn dé ọjà, kò sí oníyọ̀ tó gbà á. Owó gidi ni kí o fún James. Tí nǹkan bá ṣẹ́kù, fi owó epo àtùpà kún un fún mi, ìwé kíkọ ń jẹ epo. Bí o bá sì ń bọ̀ nílé lọ́dún Kérésì, kí o dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kí o tó jókòó. Má sọ fún un pé mo sọ fún ọ.

Ọlọ́run yóò fi ìfẹ́ sáàárín yín. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, ọmọ rẹ yóò dàgbà lójú rẹ. Bí ọjọ́ mi bá pé, n óò sùn bí àgbà, Àlàmú yóò gbé mi níhà orí, ìwọ yóò gbé mi níhà ẹsẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yóò gbọ̀n nínú yín.

Èmi ni ìyá yín,
Àníkẹ́.