Wákàtí Mélòó Lo Fi Ṣiṣẹ́ Lọ́sẹ̀ Tó Kọjá?

Akọ̀wé mi, ọmọ tí mo kọ́kọ́ bí,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé orí kì í fọ́ ọ, ṣé ò ń rí oorun sùn, ṣé omi ń yọ nílé tí ò ń gbé? Àwa náà wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wàhálà pọ̀ nínú wíwà láàyè ti ọ̀sẹ̀ yìí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ojú sunkún ara wa. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ ní ìlú onílùú, ibi tí wọ́n bá ti ń pín oore, wàá dé ibẹ̀ kó tó tán. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kọ àmín náà lẹ́ẹ̀mejì, torí náà, àmín.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ pọ̀, jẹ́ kí n mú un láti ibi tó ti bá wa. Lọ́jọ́ Ajé, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń pọ́n ayùn tí kò tíì rí igi gé láti ọjọ́ mélòó kan, ni obìnrin kan bá dé tó so káàdì mọ́rùn, tó sì gbé fóònù kan tó fẹ̀ bí àwo dání. Ó kí mi dáadáa. Ó ní ìjọba ló rán òun, pé àwọn ń lọ láti ilé dé ilé láti mọ iye èèyàn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ àti iye tí kò ní. Mo bi í pé ta ló fẹjọ́ wa sùn. Ó ní kò sẹ́ni tó fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn, pé kọ̀ǹpútà ló mú ilé méjìlá láàárín gbogbo ilé àdúgbò yìí, pé kọ̀ǹpútà náà kò mọ ẹnì kankan, ó kàn ń mú ni. Ọmọ mi, ẹ̀rọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tó wá fo ilé télọ̀ tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó fo ilé tíṣà, tó sì bọ́ sílé wa tààrà, ṣé ìyẹn kò tó kí àyà èèyàn já?

Mo mú un wọ pálọ̀. Ó jókòó sórí àga tó ń mì yẹn, ìtìjú sì bá mi, torí kò yẹ kí àga máa mì nílé káfíńtà. Ìyá rẹ gbé omi fún un. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni àti ta ni ó ń gbé inú ilé yìí, tó ń sùn síbí, tó sì ń jẹun nínú ìkòkò kan náà. Mo ní èmi. Mo ní ìyàwó mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Kíákíá, ẹni tó ti wọ bàtà jáde wá látinú yàrá rẹ̀ kí n tó pè é. Obìnrin náà ní ṣé ó tán? Akọ̀wé mi, ẹnu mi wúwo. Yàrá rẹ rèé, aṣọ rẹ wà lára ìṣó, kí n wá la ẹnu níwájú ìyá tó bí ọ pé ẹni mẹ́ta péré la jẹ́? A kì í yọ ọmọ tó wà láàyè kúrò nínú iye ọmọ. Mo ní ó ku ẹnì kan, àwa mẹ́rin ni. Ó ní ẹni kẹrin náà ńkọ́? Mo ní ó jáde. Ó ní ìgbà wo ló máa dé? Mo ní bó bá di ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ wò mí, mo gbé ojú sókè àjà. Ọdún mẹ́ta rèé tó o ti jáde.

Ó wá kàn mí. Ó ní láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ṣé mo ṣe iṣẹ́ kankan tí mo gbowó lé lórí, ì báà ṣe wákàtí kan ṣoṣo. Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Èmi tí mo ti ń fá pákó láti ìgbà tí wọn kò tíì bí ìyá tiẹ̀! Àmọ́ mo ronú sẹ́yìn, mo rí i pé ẹsẹ̀ tábìlì tíṣà nìkan ni mo tún ṣe lọ́sẹ̀ náà, kò sì gbà mí ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi fi àkókò tí mo fi wá òòlù kún un. Ó ní wíwá òòlù kẹ̀? Mo ní ṣé ẹnu ni mo fẹ́ fi kan ìṣó ni? Ó rẹ́rìn-ín títí, ó tẹ nǹkan, ó ní mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí mo ṣe bọ́ nìyẹn.

Ti ìyá rẹ ni mo fi ẹnu kó. Mo bá a fèsì, mo ní ìyàwó mi kò ṣiṣẹ́, ilé ló wà. Ọmọ mi, bó o bá gbéyàwó, má sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láéláé. Kò wí nǹkan kan níwájú àlejò. Bó ṣe di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jí, kò sómi ìwẹ̀, kò sí oúnjẹ, ẹ̀wù tí mo bọ́ sílẹ̀ wà níbi tí mo bọ́ ọ sí. Ìyá rẹ jókòó, ó káwọ́ gbera. Mo ní ṣé kò sí o? Ó ní kí ni ẹni tí kò ṣiṣẹ́ yóò máa ṣe bí kò ṣe kó jókòó. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ebi ti ń pa mí kú lọ, mo sáré tọ obìnrin oníbéèrè lọ ní òpópónà kejì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi tún ọ̀rọ̀ ìyàwó mi kọ. Ó ní iṣẹ́ ilé ní ibi tí àwọn ń kọ ọ́ sí lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ṣé kì í ta nǹkan kan? Mo ní ó máa ń rán aṣọ ọmọdé tà. Ó yanu, ó ní, “Bàbá, ṣé iṣẹ́ kọ́ nìyẹn ni?” Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń gbé pẹ̀lú òṣìṣẹ́, mi ò mọ̀. A jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ti Ìyá Kíákíá ló wá burú jù. Ọdún kọkànlélọ́gọ́rin rẹ̀ rèé. Wọ́n ní ṣé ó ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní rárá. Wọ́n ní ṣé ó wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ó ní ojoojúmọ́ lòun ń wá a, ó sì ń fọwọ́ júwe fèrèsé tó ti máa ń yọjú. Wọ́n ní bí iṣẹ́ bá yọ, ṣé ó lè bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé? Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì kẹ̀? Kí wọ́n jẹ́ kóun wé gèlè òun. Obìnrin náà wò mí, mo wo ilẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wí. Ó ti di pé ẹ̀gbọ́n mi ti wà lára àwọn tí ń wáṣẹ́. Ó ti di ẹrù rẹ̀, ó gbé e sẹ́bàá ilẹ̀kùn, bí ọkọ̀ bá sì ti kọjá báyìí, á ní ṣé àwọn ará ọ́fíìsì ti dé. Ìwọ lè máa rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí ìjọba bá lọ fi iṣẹ́ tó tọ́ sí ọ̀dọ́ fún arúgbó tó yára dáhùn ńkọ́?

Ó wá ku tìrẹ. Obìnrin náà padà wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn kan náà, ó ní ó dára kí olúkúlùkù fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ó jókòó dè ọ́. Mo ní ọ̀nà jìn. Mo ní bóyá ọ̀gá ò tètè tú wọn sílẹ̀. Nígbà tí kò rí ọ, ó ní ó dáa, kí n dáhùn fún ọ. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Mo ní akọ̀wé, ní ọ́fíìsì ńlá. Wákàtí mélòó lo fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá? N kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, n kò fẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ọ̀lẹ, ni mo bá ní aago márùn-ún ìdájí lò ń wọlé, aago méje alẹ́ lò ń jáde, kò sí ọjọ́ ìsinmi. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù náà pọ́n wàì! Ó tún un tẹ̀, ó tún pọ́n. Mo ní kí ló ń wí? Ó ní ó ń béèrè bóyá ó dá wa lójú.

Ọmọ mi, ọkàn mi nìkan kọ́ ló ń ṣiyèméjì mọ́, ẹ̀rọ tó wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba náà ti ń béèrè. Torí ohun kan wà tí mo gbé mì tí n kò tíì sọ fún ìyá rẹ. Dẹ́rẹ́bà lọ́rì tó máa ń kó pákó wá fún mi láti ìlú yín sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé òun rí ọ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, lọ́jọ́ iṣẹ́, lẹ́bàá ògiri gígùn kan níbi tí àwọn èèyàn máa ń jókòó sí pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti korobá, tí wọ́n ń dúró de ẹni tó máa háyà wọn fún ọjọ́ kan. Ó ní ẹ̀wù ọ́fíìsì lo wọ̀. Ó ní òun kí ọ, o sì gbé ìwé ìròyìn bojú. Mo bínú sí i, mo ní ojú awakọ̀ tó rin ìrìn àjò jíjìn a máa ṣe bàìbàì. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo kó àwọn lẹ́tà rẹ jáde. Tẹ́lẹ̀, o máa ń kọ ojú ìwé méjì, o máa ń sọ ti ọ̀gá yín tó ń hanrun lórí tábìlì fún wa, ìyá rẹ á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Èyí tó dé kẹ́yìn kò ju ìlà mẹ́rin lọ, òjò lo sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá náà ńkọ́? Ṣé ó ti jí ni?

N kò lè fara dà á mọ́. Ní Ọjọ́rú, mo lọ bá obìnrin náà, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa, pé ìwọ kò gbé ọ̀dọ̀ wa láti ọdún mẹ́ta. Kò bínú. Ó ní ẹni tó bá ti lé lóṣù mẹ́fà tí kò sùn sílé, ibi tó ń sùn ni wọ́n á ti kà á, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa, pé òun máa yọ ọ́ kúrò. Ó ní kì í ṣe nǹkan burúkú, bàbá. Ó fi ìka tẹ ojú fóònù náà, ìlà rẹ sì lọ. Mo wojú ọ̀run.

Mo wá ní ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan wà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò fẹ́ kí àwọn òbí rẹ̀ mọ̀, kí ni wọ́n ń kọ irú wọn sí? Obìnrin náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpò kó tó dá mi lóhùn. Ó ní bó bá ń wáṣẹ́, wọ́n á kà á mọ́ àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ tí wọ́n ń wá a, pé ẹ̀ṣẹ̀ kọ́, pé wọ́n pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, àti pé bí wọn kò bá kà wọ́n, ta ni yóò mọ̀ pé wọ́n wà. Mo ní bó bá ti wá a títí tó ti sú u ńkọ́, tó kàn ń jókòó? Ó ní ìyẹn kò sí lára àwọn tó níṣẹ́, kò sì sí lára àwọn tí kò níṣẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò kàn. Ó ní irú wọn ló máa ń dun òun jù, torí ojú kì í tètè rí wọn nínú ìṣirò. Ó ní kí n kí ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ó mọ̀, ojú rẹ̀ ló sọ fún mi.

Akọ̀wé mi, àìríṣẹ́ kò bà mí lẹ́rù. Èmi náà, wíwá òòlù ni mo fi kún iṣẹ́ tèmi kó tó di iṣẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kó sú ọ, kó o jókòó síbì kan, kí ẹnikẹ́ni má sì kà ọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ń jí lóru, ìyá rẹ á ní kí ló dé, mo máa ń ní ẹ̀yìn ló ń ro mí.

N kò fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì. Dẹ́rẹ́bà náà ni mo fún. Mo ní kó kọ́kọ́ gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín, kó béèrè rẹ, bí kò bá bá ọ níbẹ̀, kó gbé e wá sẹ́bàá ògiri yẹn. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lo ti gbà á, forí jì mí, ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú, kó o sì fi owó díẹ̀ rán an sí mi kí n fi ra ìṣó àti gọ́ọ̀mù, kí ìyá rẹ ra òwú, kó o sì fi nǹkan kún un fún Ìyá Kíákíá tó fẹ́ ra báàgì tí yóò máa gbé lọ síbi iṣẹ́.

Bó bá jẹ́ ẹ̀bá ògiri lo ti gbà á, má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Má kọ èsì. N kò ní béèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè. Ọlọ́run tó dá ọ kò ní gbàgbé ibi tó fi ọ́ sí. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, ohun tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ, èyí tó jù ú lọ ni yóò fi rọ́pò, wàá jẹun, wàá yó, wàá sùn, wàá sì jí ní àlàáfíà. Lọ́rì náà wà lẹ́yìn rẹ níbi tó o ti ń kà á yìí. Mo ti sanwó ọkọ̀ rẹ wá sílé. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró dè ọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.