Bọ́tìnnì Tó Kó Bá Màmá Mi

Ojúlé Kẹrìndínlógún,
Abraham Adésànyà Estate,
Àjà, Ìpínlẹ̀ Èkó.
13 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ayọ̀mikún, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì o. Ìyàwó ńkọ́? Ṣé eyín tó ń hù kò da Fẹ́rànmí láàmú mọ́? Ara tèmi le, àmọ́ inú ń bí mi débi pé oúnjẹ kò wọlé.

O rántí òtẹ́ẹ̀lì Ọ̀gá Sànúsí ní Eleko, tí mo ṣe ibi tí wọ́n ti ń gba yàrá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún. Màmá mi ló polówó rẹ̀ nínú ìjọ aláṣọ funfun wọn, pé ọmọ òun ló ṣe é, kí wọ́n gba yàrá síbẹ̀ tí wọ́n bá ń lọ gbàdúrà létí òkun. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀, wọ́n fi káàdì sanwó. Àfi bí wòlíì wọn ṣe ríran pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ òkun lọ́sẹ̀ náà. Kíá, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì "Fagi lé e". Kọ̀ǹpútà ní ó ti parí. Irọ́ ni! Kọ́bọ̀ kan kò padà.

Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbowó lórí káàdì kàn máa ń di owó mú ni títí àlejò á fi dé. Tó bá yí ọkàn padà, kóòdù mi, ìyẹn àṣẹ tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, á ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ọ̀gá Sànúsí ló ní kí wọ́n máa gbà á lójú ẹsẹ̀, pé àwọn ará Lekki máa ń jáni kulẹ̀. Mo yí i padà, n kò fọwọ́ kan ti bọ́tìnnì. Owó tí wọ́n ti gbà kò ṣe é tú sílẹ̀ mọ́, àfi kí wọ́n dá a padà. Ilé-iṣẹ́ náà sọ bẹ́ẹ̀ fún kóòdù mi, àmọ́ kóòdù kò ka èsì náà, ó ṣáà ń pariwo "ó ti parí" kiri. Díẹ̀ ló kù kí n la kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀.

Èyí tó wá dá kún un, ti Màmá nìkan ló padà! Ẹ̀gbọ́n Bọ̀sún, olórí akọrin wọn, dìde nínú ìjọ: "Màmá Dábírà, how come? Gbogbo wa la press cancel, tiyín nìkan ló wọlé. Àbí ẹ̀yin àti ọmọ yín ti jọ plan ẹ̀ ni?" Màmá gbé Bíbélì rẹ̀, ó bọ́ síta. Láti ọjọ́ náà ni sùtánà rẹ̀ ti wà lórí ìkọ́, kò lọ sí ìsìn mọ́.

Mo ti tún kóòdù náà kọ, mo sì ti dá owó oníkálukú padà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń lá ọbẹ̀ gbígbóná: mo dúró gba èsì ilé-iṣẹ́ náà kí n tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n báńkì ní yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wọn.

Lánàá ni mo bi Màmá bí tirẹ̀ ṣe padà. Ó ní òun kò tẹ bọ́tìnnì kankan, Ọ̀gá Sànúsí lòun pè lórí fóònù, tó sì dá owó òun padà. Mo ní kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ. Ó ní:

"Dábírà, ìwọ tí mo bá rán níṣẹ́, wàá ní 'ó ti parí, Mà' kó o tó dìde; ìdí nìyẹn tí n kò fi gba bọ́tìnnì rẹ gbọ́. Ṣé ìyẹn ni kí n wá sọ níwájú ìjọ?"

Ọ̀rẹ́ mi, ó dùn mí wọnú eegun. Lọ́jọ́ Àìkú yìí, n ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà wọn, n ó wọlé, n ó sọ ọ́ fúnra mi.

Bá mi kí ìyàwó, kó o sì gbé Fẹ́rànmí jó fún mi.

Èmi ni tìrẹ, tí inú ṣì ń bí,
Olúwadábírà.