Ìwé Tí Mo Fọwọ́ Sí

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Bàbá Síkírá, mo ti ba nǹkan jẹ́!

Ọkùnrin méjì wá láti ọ́fíìsì yunifásítì lọ́sàn-án. Wọ́n ní torí pé ẹ̀yin olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, kí n kó ẹrù mi kúrò nínú ilé wọn lónìí. Ara Síkírá sì ń gbóná lẹ́yìn mi. Ọ̀kan ní, "Ìyàwó, fọwọ́ sí i níbí, kó o máa tọ́ ọmọ ẹ nínú ilé."

Òyìnbó ni ìwé náà. Mo kọ orúkọ mi, Rábíà, síbẹ̀, bí ẹ ṣe di ọwọ́ mi mú, tí ẹ fi kọ́ mi lórí tábìlì yìí.

Ìyá Túndé, aládùúgbò wa, ló ka ẹ̀dà tí wọ́n fi sílẹ̀. "Háà, Rábì! O ní ọkọ ẹ ti kúrò nínú ẹgbẹ́ olùkọ́, pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́!"

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́! Láàárọ̀ ọ̀la, àwọn ará ọ́fíìsì á kà á sétí gbogbo olùkọ́. Wọ́n á pè yín ní ọ̀dàlẹ̀.

Mi ò rẹ́ni rán sí yín ní Wásinmi, àfi awakọ̀ tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Mo mọ̀ pé ara ìyá yín tí ẹ lọ tọ́jú níbẹ̀ ò yá. Ẹ má bínú sí mi. Ẹ ṣáà wá fẹnu ara yín sọ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, olówó orí mi, ẹ máa bọ̀ báyìí.