Ohùn Tó Ń Dá Oníkálukú Padà Sọ́dọ̀ Ẹnìkejì Rẹ̀: Ìgbésí Ayé Màmá Ardith Kovanda, Olùpe Ijó (1938–2023)

Ìdílé Jorgensen àti ìdílé Kovanda kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa sin ìyá wa. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ojú òtútù.

A bí Màmá Ardith ní oṣù kẹta ọdún 1938, nínú oko kan lẹ́bàá odò Loup, nítòsí ìlú Ord ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Axel Jorgensen, àgbẹ̀ alágbàdo tí àwọn òbí rẹ̀ ti Denmark wá, ni bàbá wọn. Hedvig, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran, ni ìyá wọn. Màmá ni àbíkẹ́yìn. Àwọn tó mọ̀ wọ́n ní kékeré sọ pé bí wọ́n bá pe màlúù, ohùn wọn a ti dé òdìkejì odò kí ajá tó débẹ̀.

Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ord ní ọdún 1956. Ní ọdún 1958 wọ́n fẹ́ Delmar Kovanda, àgbẹ̀ tó tún ń tún katakata ṣe, ẹni jẹ́jẹ́ tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Inú agbo ijó oníhà mẹ́rin ni wọ́n ti pàdé. Ìyẹn ijó tí tọkọtaya mẹ́rin ti ń kọjú síra wọn, tí olùpe sì ń fi orin sọ ohun tó kàn fún wọn: ẹ yí, ẹ pààrọ̀ ọwọ́, ẹ kọjá, ẹ mú ẹlòmíràn. Olùpe ló ń mú oníkálukú jìnnà sí ẹnìkejì rẹ̀. Òun náà ló gbọ́dọ̀ dá wọn padà. Màmá a máa sọ pé ẹsẹ̀ ni Bàbá fi bá òun sọ̀rọ̀ ìfẹ́, nítorí ẹnu rẹ̀ kò ní lè ṣe é láéláé.

Láti ọdún 1965 ni wọ́n ti jẹ́ akọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọdún 1971, olùpe ẹgbẹ́ oníjó Ord kó lọ sí Omaha. Nígbà tí a dárúkọ Màmá láti rọ́pò rẹ̀, àwọn kan ní ohùn obìnrin kò lè borí ìró bàtà àwọn oníjó. Bàbá Delmar, tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé, dìde nílẹ̀.

“Ẹ̀yin tí ẹ ní kò lè borí bàtà,” ni wọ́n wí, “ẹ ò tíì gbé nílé mi rí.”

Ilé gba ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀: Màmá di olùpe.

Kò pẹ́ tí Màmá fi bọ́ sí ìpele gíga, níbi tí oníjó ti gbọ́dọ̀ mọ ọ̀pọ̀ àṣẹ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò gbọ́ rí. Ní ọdún 1974, àwọn oníjó ìlú Grand Island ránṣẹ́ pè wọ́n. Màmá ti fi ife àti ìgò iyọ̀ ṣe oníjó lórí tábìlì ìdáná, wọ́n fi wọ́n to ijó kan tó lọ́jú pọ̀, wọ́n sì kọ àwọn àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ijó yẹn gan-an ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pè é kíákíá. Kí orin tó dé àárín, agbo kan dàrú, èkejì tẹ̀lé e, títí gbogbo wọn fi dúró bí àgùntàn tó sọ olùṣọ́ nù. Nígbà ìsinmi, àgbà oníjó kan tó ń jẹ́ Orville Teichmeier gbé kọfí wá fún wọn.

“Ọmọ mi, o mọ ijó tò.”

“Ẹ ṣé, sà. Àwọn tó ń jó o ni ò mọ̀ ọ́n.”

“Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ọwọ́ ẹ lò ń wò. Àwa tá à ń kọlu ara wa ńkọ́, ta ló ń wò wá?”

Màmá mu kọfí náà tán. Wọ́n fi ìwé sílẹ̀ lórí àga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó rọrùn, wọ́n ń wo ẹsẹ̀, wọ́n ń wo ojú. Bí ara àwọn oníjó ṣe ń yá ni wọ́n ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Kí wọ́n tó tú ká, wọ́n ti jó èyí tó dà wọ́n rú, wọ́n jó o já. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti ń kọ́ gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ wọn pé bí agbo bá dàrú, kí olùpe kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè.

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, yìnyín dí ojú ọ̀nà, oníjó mẹ́jọ péré ló wá. Agbo kan ṣoṣo ni wọ́n lè dá. Wendell àti Merle Bruha wà nínú wọn, ọmọ ìyá kan náà tí omi kànga oko bàbá wọn ti dá ìjà sáàárín wọn, tí wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Wendell ṣe rí i bẹ́ẹ̀, ó mú kóòtù rẹ̀.

Lavonne ìyàwó rẹ̀ ní, “Tó o bá lọ, àwa méje la máa jókòó máa wo ara wa. Gbé kóòtù yẹn kọ́.”

Ó gbé e kọ́. Òfin ijó wa ni pé ẹnikẹ́ni kì í jáde lágbo kí orin tó tán, a kì í sì í kọ ọwọ́ tí a bá nà síni. Màmá ní òye tí wọ́n lè fi pe ijó náà kí ọwọ́ àwọn méjèèjì má kan ara wọn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kojú ara wọn. Merle na ọwọ́. Wendell dúró, kò na tirẹ̀. Orin ń lọ, Màmá sì dákẹ́. Wọn kò pe àṣẹ mìíràn láti fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Merle ní, “Wendell, apá ń ro mí o. Ṣé o máa gbà á ni, àbí kí n gbé e sílẹ̀?”

“O ò yí padà rárá,” ni Wendell wí. “Ẹnu ẹ kì í sinmi.” Ó sì gba ọwọ́ náà.

Wọn kò di ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó lé ní ọdún kan tó jẹ́ pé ibi ijó nìkan ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kí Wendell tó wa ọkọ̀ lọ sílé àbúrò rẹ̀ láti lọ yanjú ọ̀rọ̀ kànga. Àwọn méjèèjì ni yóò ṣáájú pósí lónìí. Nígbà tí a bi Màmá léèrè ìdí tí wọ́n fi dákẹ́, wọ́n ní, “Olùpe lè mú ọwọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́. Kò lè bá ẹnikẹ́ni dì í mú.”

Ní ọdún 2009, a ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún wọn, ohùn wọn sì há. A rò pé wọn yóò fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ fún àwọn oníjó pé, “Ẹ ti ń gbọ́ mi tipẹ́, ẹ kàn kì í fetí sílẹ̀ ni. Ẹ máa fetí sílẹ̀ wàyí.” Nígbà tí Bàbá Delmar dolóògbé ní ọdún 2015, a rọ Màmá pé kí wọ́n sinmi nílé. Wọ́n ní, “Kí n jókòó ti ta ni? Ti àga?” Wọ́n ń pe ijó títí di ọdún 2019.

Màmá fi ayé sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ sáyé lọ: Corinne, Rodney àti Gayle, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí.

Wọ́n pa á láṣẹ pé kí a má ṣe torí òkú òun pa ijó tí ẹgbẹ́ máa ń jó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun jẹ. Corinne ni yóò pè é. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ijó, ẹ wá. Ìyá wa kò lé ẹnikẹ́ni rí.

Màmá, ọmọ Jorgensen, aya Kovanda, ilẹ̀ etí odò Loup yóò rọ̀ yín lọ́rùn. Kò sí ẹni tó ṣìnà lágbo mọ́. Ẹ fún ohùn yín ní ìsinmi. Ẹ sùn un re o.