Epo Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọjọ́ Ajé, 4 Bélú 2024
Táńkà epo bẹntiróòlù ṣubú nítòsí Gáréèjì Ìkòròdú. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Ìyìnolúwa ọmọ mi wà lẹ́yìn mi. Epo ń ṣàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dín àkàrà. Òjò dédé dé, ó pa iná wọn. Kò gbiná, ẹnì kankan ò kú. Ọlọ́run ni. Mo sunkún délé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Bélú
Ilé ń rùn. Baba Ẹ̀rí — ọkọ mi ni o, kò sí Sọ́ńdè tí kì í jẹ́rìí — lọ bu nínú epo yẹn. Ó kó kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ ń sùn lé! Mo ní kó gbé e jáde. Ó ní wọ́n á jí i, epo ti wọ́n bí ojú, ìbùkún ló dé yìí. Ó wá ní: "Fọláwùmí, Ọlọ́run tí kò jẹ́ kó gbiná lójú títì, ṣé inú yàrá wa ló máa wá jẹ́ kó gbiná?"
Inú bí mi.

Ọjọ́rú, 6 Bélú
Orí fífọ́. Ọmọ ń wúkọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7 Bélú
Ìyá Waliyah, yàrá kejì, bi mí bóyá mò ń gbóòórùn epo. Mo ní rárá. Irọ́ gbáà. Ó ní alhamdulillahi tí ti ọjọ́ Ajé ò gbiná. Táńkà mìíràn ló jó àbúrò rẹ̀ pa lọ́nà Ẹ̀pẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ dáadáa ni, kì í fi ìrun jáfara. Tó bá jẹ́ Ọlọ́run ló yọ èmi, àbúrò Ìyá Waliyah wá ńkọ́? Kí n má lọ sọ̀rọ̀ òdì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Bélú
Baba Ẹ̀rí ń fọ sùtánà, ó ń kọrin. Ó máa jẹ́rìí lọ́la. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nítorí epo yìí. Ó ní ìgbàgbọ́ mi ti ń yìnrìn. Mo tẹ́ ẹní fún ọmọ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Bélú
Ó jẹ́rìí, ìjọ jó. Wòlíì ní kí gbogbo ẹni tí Ọlọ́run yọ gba àbẹ́là, ká lọ tàn án lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì wa, ká fi dúpẹ́. Wọ́n pín in dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ó gbà á. Kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.
Mo dìde, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, epo táńkà yẹn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa."
Ọkọ mi ń wolẹ̀. Ìyá Ìjọ rọra ní kí ẹni tó bá tún gbé epo náà wọlé nawọ́. Ọwọ́ kan gòkè. Òmíràn. Kò pẹ́, mi ò lè kà á mọ́.
Mo wo pẹpẹ. Wòlíì, àwọn náà ti nawọ́. Ọwọ́ wọn kejì di àbẹ́là mú, ó ń jó.