Àyà Ọmọ Tí N Kò Gbọ́

Ajé, 10 Ṣẹ́rẹ́ 1994. Iyara.
Mo jí, etí ọ̀tún ti lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ìrọ̀rí ló dí i. Àkùkọ yanu lórí ògiri – kò sí ohùn. Etí òsì ń gbọ́ díẹ̀, bí ẹni wà lábẹ́ omi. Nǹkan kan ń hó nínú ọ̀tún ṣáá. Mo sọ ọ́ ní Àlejò. Thomas ọkọ mi sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn, mo ní "ẹ̀n-ẹ́n." Kò fura.

Ìṣẹ́gun, 11
Ọjọ́ aláboyún ní kílíníìkì. Ayọ̀kẹ́mi dé, ẹni tí oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Mo gbé ìwo igi lé ikùn rẹ̀, mo tẹ etí mọ́ ọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi ìwo yìí gbọ́ àyà ọmọ. Lónìí, Àlejò nìkan. Mo yí etí òsì sí i – òfo. Ó ní ṣé ọmọ wà dáadáa. Mo ní ó wà dáadáa. Mo kọ 140, iye tí àyà ọmọ ń lù ní ìṣẹ́jú kan, sínú káàdì rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́bọ̀, 13
Ọyẹ́ bo òkè mọ́lẹ̀. Gbogbo ìlú dákẹ́ bí àlá. Ó dùn mọ́ mi díẹ̀ – ẹ̀rù sì bà mí pé ó dùn.

Ìṣẹ́gun, 18
Kíkẹ́lọmọ, nọ́ọ̀sì tó ń bá mi ṣiṣẹ́, pè mí pè mí lánàá, n kò dáhùn. Ló bá lọ sọ fún Thomas. Lónìí, Thomas wọ́ mi lọ sí Ìlọrin. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, tó ń yẹ etí wò, fi mí sí yàrá kótópó kan, ó fi nǹkan bò mí létí, ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì tí mo bá ti gbọ́ ohùn. Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá, bí n kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Ó wọlé wá, ó rẹ́rìn-ín: ó ní àwa nọ́ọ̀sì la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù.

Ó jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti bọ́ sí i lójú, kí n lè máa rí ẹnu rẹ̀. Kò tàn mí: mo pẹ́ kí n tó wá gba oògùn, etí lè padà, ó lè má padà. Kí Thomas má pè mí látẹ̀yìn mọ́. Kí n má dáhùn ohun tí n kò gbọ́. Ó wá bi mí pé kí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo sunkún, mo sọ ti Ayọ̀kẹ́mi. Kò bá mi wí. Ó ní, "Ẹ ò jẹ̀bi etí yín, Màmá. Iye tẹ́ ẹ kọ yẹn ni ẹ̀bi tiyín. Ẹ lọ sọ fún un." Ilẹ̀ ni Thomas ń wò.

Àbámẹ́ta, 22
N kò tíì lọ. Lójú àlá mo gbọ́ àyà ọmọ náà – gìdì-gìdì-gìdì, bí ẹṣin lórí koríko gbígbẹ. Mo jí sínú ìdákẹ́jẹ́.

Ajé, 24
Mo mú Kíkẹ́lọmọ dání lọ sílé Ayọ̀kẹ́mi. "Okun o, Màmá," ó kí mi, ó ti ń gbé àga fún mi. Mo sọ ọ́ kí n tó jókòó: n kò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, irọ́ ni mo kọ. Ó gbé àga sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní. Kíkẹ́lọmọ tẹ etí mọ́ ìwo. Ó pẹ́. Kíkẹ́lọmọ wá ń fi ìka gbá mi lọ́rùn ọwọ́ bí àyà ọmọ ṣe ń lù – kíá-kíá, déédéé. Ọmọ wà.

Ayọ̀kẹ́mi dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó kọjú sí mi gan-an, ó rọra sọ ọ́ kí n lè rí gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀: "Ká ní ó ti kú ńkọ́, ṣé ẹ óò wá sọ fún mi?"

Mo ní n kò mọ̀.